Ìbọn Tí Lowell Kò Fẹ́ Tà

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń bá Lowell Fitzwater tẹ ìka àwọn èèyàn sórí páálí fún ìwé ìjọba ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn rẹ̀, èmi kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ní gbogbo òkè West Virginia níhìn-ín, kò sí ẹni tí kò mọ ọjà tà tó o. Wọ́n ní alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ti Lowell kọjá ọ̀wọ́n. Àwọn ìbọn kan wà lẹ́yìn káńtà rẹ̀ tó jẹ́ pé iye tó kọ sára wọn, ẹni tí orí rẹ̀ pé kò ní san án láéláé.

Káàdì oríṣi méjì ló máa ń so mọ́ ìbọn. Káàdì òféèfèé wà fún àgbàtà gidi: ẹni tó ní ìbọn gbé e wá, Lowell bá a tà á, ó mú ìdá tirẹ̀, ó kó ìyókù fún un. Káàdì funfun yàtọ̀. Gbogbo wa ní Cutright Run, ìlú wa níbí, la mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ sókè. Ẹni tí ayé sú, tí kò fọkàn tán ara rẹ̀ mọ́ nínú ilé kan náà pẹ̀lú ìbọn, yóò gbé e wá, yóò sì sọ pé, "Lowell, bá mi ta eléyìí. Má tètè tà á." Lowell kò ní béèrè ìdí. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń béèrè: ta ni yóò bá ọ wá lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gbà á padà? Onítọ̀hún á dá orúkọ ẹnì kan, Lowell á kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kọ iye tí ẹnikẹ́ni kò lè rà á síwájú rẹ̀.

Ó lè tó oṣù mẹ́jọ, ó lè tó ọdún méjì, àwọn méjèèjì á jọ wọlé, ojú á máa ti ẹni tó ni ín díẹ̀. Yóò kọ ìwé ìjọba bí ẹni tó ń ra ohun tí kò rí rí, torí bí ìbọn bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, òfin kò mọ̀ pé tìrẹ ni tẹ́lẹ̀. Àwọn kan kò padà wá gbà á mọ́, wọ́n ń gbé ayé wọn lọ. Díákónì ìjọ wa wà nínú wọn, n kò ní dárúkọ rẹ̀.

Bí káàdì náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Lowell sọ ọ́ fún mi. Ó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, kò sì dá ìgbálẹ̀ náà dúró. Ọdún tí wọ́n ti kòtò èédú kejì pa, àbúrò rẹ̀, Dorsey, gbé ìbọn wá ní kó bá òun tà á. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó padà wá, ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó ní ara òun ti yá. Inú Lowell dùn, ó gbé e fún un. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ Àìkú, ẹ̀bá sàárè Dorsey la jọ wà.

Ẹ má rò pé ẹni tó máa ń fajú ro ni Lowell o. Èmi àti ẹ̀ jọ wà ní kíláàsì kan náà láti kékeré, iṣẹ́ ìṣirò mi ló ń wò kọ tó fi jáde. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé láràárọ̀ kí ó tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Inú fíríìjì kan náà ló ń kó ekòló tí àwọn apẹja ń rà sí pẹ̀lú búrẹ́dì ẹlẹ́ran tó fẹ́ jẹ lọ́sàn-án. Mo ti sọ ọ́ títí, ẹnu mi ti bó.

Corbett Hamrick, ọ̀rẹ́ wa kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ èédú, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìyàwó rẹ̀, Iva, kú ní àkókò tí a ń wa àlùbọ́sà igbó, nínú oṣù kẹrin. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já, Corbett wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró síwájú káńtà, ó sì sọ gbólóhùn yẹn. Bá mi tà á, má tètè tà á. Àwọn ìbọn ọdẹ rẹ̀, àwọn ẹbí ti kó wọn lọ. Èyí tó kù ni ti baba rẹ̀, ìbọn arọ̀jò ọta tí bàbá náà fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ lọ́dún tí wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ní irú rẹ̀ jáde wá. Irú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń gbé láti ilé kan sí òmíràn. Ìwé gbọ́dọ̀ lọ, ìwé gbọ́dọ̀ bọ̀, kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọn kò sì gba irú àwa láyè láti ní tuntun mọ́; èyí tó wà nílẹ̀ náà ló wà nílẹ̀.

Lowell lọ sílé rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà ara ìbọn náà sílẹ̀, a fi ìwé ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi retí èsì, Reva, àǹtí Iva, ló ń sùn sílé Corbett. Nígbà tí ìwé dé, Corbett fi aṣọ ìbora tí Iva fi ọwọ́ rán wé ìbọn náà, ó gbé e wá bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Orúkọ Reva ló dá. Lowell mú káàdì funfun, ó kọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún dọ́là sí i. Iye tó tọ́ sí ìbọn náà gan-an kò tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ó tì í mọ́ inú yàrá onírin tó wà lẹ́yìn, ó fọwọ́ kan Corbett léjìká, ó tán.

Àwọn tó bá ti ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀, tí ìwé wọn kò tíì dé, máa ń wá bẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ Sátidé. Wọn kò lè gbé e lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè jókòó tì í, wọ́n lè fi òróró nù ún. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n wá kí ará ilé wọn lẹ́wọ̀n. Corbett náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá, òun tó jẹ́ pé ṣe ló gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá onírin náà, kọfí lọ́wọ́, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Yóò kàn tẹ́ etí bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀ ní ọsibítù.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kejìlá, mo bù kún kọfí rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Nila, Iva ń béèrè ẹ̀ o."

Mo ní, "Béèrè kí ni?"

"Ìbọn yìí. Tí mo bá ti fọ abọ́ ọ̀sán tán báyìí, á pè mí látinú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Á ní, 'Corbett, ibo lo gbé e sí?' Kì í bínú. Bó ṣe máa ń bi mí nígbà tí ò bá rí sísọ́ọ̀sì ẹ̀ náà ni."

Ká ní ó pariwo ni, ká ní ó sunkún ni, mi ò bá mọ ohun tí mo lè ṣe. Ṣùgbọ́n ṣe ló sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò yóò rọ̀. Mo sọ fún Lowell, Lowell sọ fún Reva, Reva mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Corbett lo oògùn, ó jẹun, ó tiẹ̀ sanra díẹ̀. Ohùn náà kò lọ. Ojoojúmọ́, lẹ́yìn abọ́ fífọ̀, lójú ọ̀sán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì ni ọkùnrin àjèjì náà wọlé. Yìnyín wà nílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn, ojú rẹ̀ máa ń rìn, àní bó bá jẹ́ ekòló ló fẹ́ rà. Ojú ẹni yìí kò rìn. Ó kọjá níwájú gbogbo ìbọn tó wà lára ògiri, ó lọ dúró gbọọrọ níwájú yàrá onírin tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ó ní Royce Talkington lorúkọ òun, láti Wheeling, òun wá ra ìbọn arọ̀jò ọta tó wà nínú ibẹ̀.

Ó wá bi Lowell pé, "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún lẹ pè é, àbí?"

Inú yàrá náà ni káàdì wà. Lowell wò mí, mo wo Lowell. Ọkùnrin náà ti yọ sọ̀wédowó báńkì jáde, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà, kò dúnàá-dúrà. Ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí káàdì funfun ti wà, kò sẹ́ni tó dán irú rẹ̀ wò rí.

Lowell bọ́ sẹ́yìn, ó fóònù Corbett. Mo rò pé Corbett yóò ní òun kò tà mọ́, kí a rí ọ̀nà lé ọkùnrin yìí lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lowell padà, ṣe ni ojú rẹ̀ tú ká. Ó ní Corbett ní ká tà á, inú rẹ̀ dùn gan-an, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Láti ìgbà tí Iva ti kú, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Lowell rò ó pé Wheeling jìnnà. Bí ìbọn náà bá lọ síbẹ̀, létí odò Ohio lọ́hùn-ún, tí owó ńlá sì bọ́ sọ́wọ́ Corbett, bóyá Ọlọ́run ló rán ọkùnrin yìí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí inú wa ti dùn báyẹn gbẹ̀yìn.

Mo bi àjèjì náà ní ìbéèrè tó wà lórí ìwé, bóyá fún ara rẹ̀ ló ń rà á. Ó dúró díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ kí n tẹ̀ ẹ́ níka. Mo yí àtàǹpàkò rẹ̀ nínú íǹkì, mo yí i lórí páálí, mo gbé e sókè. Dúdú lásán ni. Kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀. Mo tẹ èyí tó kàn, mo tẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ibi mẹ́wàá ló dúdú lórí páálí náà, wọ́n ń dán, bí ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Mo ti tẹ òkú níka rí fún ọlọ́pàá, òkú pàápàá ní ìlà.

Ó rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú, birikìlà lòun, ọdún méjìdínlógójì lòun fi ọwọ́ lásán po sìmẹ́ǹtì. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀. Mo ní kó máa fi òróró pa ọwọ́, kó má fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, n kò lè ju páálí náà nù, n kò sì lè wò ó. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ lábẹ́ ìwé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, ó dé. Ó gbé àpótí pákó kan lọ́wọ́, ó gùn, ìdè rẹ̀ jẹ́ idẹ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ìbọn náà ṣì máa dúró de ìwé, kó máa dúró nínú ìyẹn. Ó ṣí i. Aṣọ àwọ̀ ewé ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, aṣọ náà sì ti tẹ̀ wọlé: ibi ìdí, ibi ẹnu, ibi ọwọ́ ìmú. Lowell lọ gbé ìbọn náà wá láìsọ̀rọ̀, ó tẹ́ ẹ sínú àpótí. Ó wọlé láìfi bí orí abẹ́rẹ́ ṣẹ́kù, bí ẹni tó padà sórí ibùsùn ara rẹ̀. Òórùn kan sì jáde láti inú aṣọ náà, òórùn ọṣẹ tí Iva máa ń fi fọ aṣọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ òórùn náà.

Lowell kò gbójú sókè. Ó ti rí àpótí yìí rí, lọ́jọ́ tó lọ kọ nọ́ńbà ìbọn. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù Corbett ló wà.

Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Talkington, níbo lẹ ti rí àpótí yìí?"

Ọkùnrin náà họ orí. "Corbett ló ní kí n gbé e wá. Ó ní kò dáa kó máa sùn lórí irin. Ó ní kí n má sọ fún yín, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́? Ìyá mi àti bàbá ẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohun bàbá ẹ̀ ló fẹ́ gbà padà, ó ní ẹ ń yọ òun lẹ́nu lórí ẹ̀."

"Owó yẹn ńkọ́?"

"Tiẹ̀ ni. Ó fi orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀, èyí tí igi pọ̀ sí, dúró ní báńkì, wọ́n sì yá a lówó. Kí ló burú níbẹ̀? Bẹ́ ẹ bá ti mú tiyín kúrò, ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà lẹ máa kó o padà sí."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lowell wá àga, ó jókòó. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi fi irú iye bẹ́ẹ̀ dí ọ̀nà, ó sì rò pé kò sẹ́ni tó lè gbà á kọjá. Kò rò ó rí pé ẹnì kan wà tí iye náà kò ní ná an ní nǹkan kan, àní ẹni tó ni ìbọn, torí owó tó bá san, àpò ara rẹ̀ ni yóò padà sí. Ìlẹ̀kùn tó tì mọ́ gbogbo ayé, ẹni tó torí ẹ̀ tì í nìkan ló ṣí i sílẹ̀ fún.

Ó ṣàlàyé káàdì funfun fún ọkùnrin náà. Kò gbé ohùn sókè. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú Talkington ń funfun, tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí kò ní ìlà. "Ó ní kí n ran òun lọ́wọ́ ni," ó sọ ọ́ nígbà mẹ́ta. Mo fún un ní omi. Mo ti ń bínú sí i láti ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìka rẹ̀, àánú rẹ̀ wá ṣe mí. Ó kó sọ̀wédowó rẹ̀, ó ní òun á dá a padà sí báńkì, ó jáde láìgbé àpótí.

Lowell ti ìbọn mọ́ yàrá onírin, ó gbé àpótí náà ní òfìfo, ó ní kí n bá òun lọ. Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí a dé ilé Corbett. Abọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ń kán omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, ìkòkò ẹ̀wà ṣì gbóná. Nígbà tí Corbett rí àpótí lọ́wọ́ Lowell, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́nà tí n kò fẹ́ rántí.

"Ó wà nínú ẹ̀?"

"Rárá," Lowell ní. "Òfìfo ni."

Corbett wò wá, ó mọ̀ pé a ti mọ̀. Kò bá wa jà. Ó kàn yíjú, ó ní ká máa bọ̀, àsìkò ti tó, ó sì mú wa lọ sí yàrá rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù náà wà ní ṣíṣí. Àwọn aṣọ Iva wà lápá kan, gbogbo wọn dojú kọ ọ̀nà kan náà. Lórí kápẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀, ojú ibi tí àpótí máa ń wà ṣì hàn. Òórùn òróró ìbọn ń jáde láti inú ibẹ̀, tútù yọ̀yọ̀, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún láàárọ̀ yẹn. Oṣù mẹ́rin ti kọjá tí ìbọn ti kúrò nílé náà.

A dúró. N kò ní purọ́ fún yín, n kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo gbọ́ ni hángà kan tó ró lára irin, ẹ̀ẹ̀kan péré, tí aṣọ kankan kò sì mì. Corbett yí orí sí i bí èèyàn ṣe ń yí orí sí aya rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlélógójì.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ?"

Lowell ní, "Mi ò gbọ́ ọ, Corbett. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ìwọ gbọ́ ọ."

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó bi í, bí ìbọn bá padà síbí, kí ló fẹ́ fi ṣe? Corbett ní Lowell mọ̀ ọ́n. Lowell ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Corbett wolẹ̀, ó ní, "Mi ò ní pẹ́ lẹ́yìn Iva." Lowell wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ Dorsey, gbogbo rẹ̀, irùngbọ̀n tó fá, ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, bí òun fúnra òun ṣe fi ọwọ́ ara òun gbé e fún un. Ó ní òun kò lè tún gbé e fún ẹlòmíràn, kódà bí Iva bá jókòó síwájú káńtà fúnra rẹ̀ kó béèrè.

Corbett fọwọ́ nu ojú. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe ibi ni Iva fẹ́. Ó ní, "Ohun tó sọnù nínú ilé ló ń wá, bó ṣe máa ń ṣe. Níwọ̀n ìgbà tó bá ti wà níbì kan láyé, ṣe láá máa béèrè ẹ̀. Èmi sì mọ̀ pé ọjọ́ kan á jẹ́ tí mi ò ní lè sọ fún un pé rárá mọ́."

Lowell ní, "Kó má wà níbì kankan, ìyẹn ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ohun baba rẹ̀ ni, ohun tí kò lè ní ìrọ́pò láéláé. Irú àwa kì í ba irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jẹ́, bí ẹni tí kì í dáná sun Bíbélì. Corbett wo àpótí òfìfo náà, ó wo aṣọ ìyàwó rẹ̀. Ó ní ká pe Reva.

Mo kọ ohun tó yẹ kí n kọ sí ìjọba. Ọjọ́bọ̀, ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, gbogbo wa wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn ti yọ, yìnyín orí òrùlé ń yọ́, ó ń kán tó, tó, tó. Lowell de ìbọn náà mọ́ irin, ó tan iná tí àwọn wẹ́dà fi ń gé nǹkan. Ogójì ọdún ló ti ń ta ìbọn, kò ba ọ̀kan jẹ́ rí. Ó ní láti pa iná náà kó tún un tàn.

Nígbà tó gé e lẹ́ẹ̀kan, Corbett ní, "Ó ń pè mí." Reva di apá rẹ̀ mú. Lowell gé e lẹ́ẹ̀kejì. Corbett gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ohun tí ẹlòmíràn ń yára sọ. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo wo òrùlé. N kò rí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo sún kúrò ní ibi tí mo dúró sí, torí ó dà bíi pé mo wà lójú ọ̀nà ẹnì kan. Lowell gé e lẹ́ẹ̀kẹta. Irin já bọ́ sínú yìnyín, ó hó, Lowell pa iná.

Omi ń kán láti orí òrùlé. Reva ní, "Corbett?" Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí ó dákẹ́ ná. Ó ń tẹ́tí.

"Ó ti dákẹ́," ó ní.

Reva ní, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Corbett yíjú sí i. N kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí lára ẹni tí a gbà là. "Reva, ó ti dákẹ́. Mi ò ní gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́ láéláé." Ó jókòó sínú yìnyín, ó sì bú sẹ́kún. Ọjọ́ ìsìnkú, omijé kan kò bọ́ lójú rẹ̀. Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sunkún ìyàwó rẹ̀. Lowell bọ́ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́, ó lọ jókòó tì í nínú omi tútù náà.